Àǹtí Ọ̀fẹ́ àti Kìnnìún Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Wa

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan fún mi: ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Onígbàjámọ̀ ni mí. Mo ti fá orí fún ìdajì aráyé. Mo ti fá orí tó le ju àgbọn lọ, mo ti fá èyí tí abẹ kán sí lára bí ẹni fi eyín gé irin, ṣùgbọ́n mi ò fá orí kankan lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Orí bàbá ìyàwó mi nìkan ni mo fá láìgba kọ́bọ̀, àdúrà tí wọ́n sì fi san án lọ́jọ́ náà gùn débi pé irun náà ti tún hù kí wọ́n tó ṣe àmín.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé obìnrin kan ti òkè òkun wá, pé ó gun bàálù, ó gun ọkọ̀ ojú omi, ó tún gun ọkọ̀ ilẹ̀ tó ń gbọn èèyàn bí ajere, kìkì nítorí pé ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní èdè tirẹ̀ láìgba owó oṣù, ńṣe ni mo gbé abẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ó ti o." Bí a bá rí arúgbó tó ń sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe arúgbó. Ọ̀dọ́mọbìnrin gíga ni, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, eyín rẹ̀ sì pé. Ẹni tí eyín rẹ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àǹtí Ọ̀fẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ rò pé oyè ni a fi jẹ òun, tí wọ́n bá pè é, á jẹ́ ẹ, á rẹ́rìn-ín, á júwọ́.

Ìyàwó mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, kò bá mi dá sí i.

"Bàbá Rédíò, kí ló kàn yín nínú rẹ̀? Ẹni tó ní òun fẹ́ ṣoore."

"Oore? Ìyá Rédíò, oore wo ló ń gun bàálù?"

"Ẹ̀yin! Lọ́jọ́ tí áńgẹ́lì bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ máa ní kó kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ra ìyẹ́."

"Màá béèrè, mo ti ń sọ fún ọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Rédíò, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọ wa obìnrin ni, ọ̀kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Rédíò là ń pè é nítorí pé nílé, kò sẹ́ni tó lè pa á. Tó bá jí lówùúrọ̀, ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ kó tó wọ aṣọ. Á bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀, á bá ìkòkò sọ̀rọ̀, ìkòkò náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn kó lè rí ìsinmi. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi ẹsẹ̀ kan géètì ilé-ìwé báyìí, iná lọ. Kò ní dá tíṣà lóhùn, kò ní dá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn. Ògiri làwọn ọmọ kíláàsì ń pè é. A bẹ̀ ẹ́, a tàn án, a halẹ̀ mọ́ ọn. Èmi fúnra mi jó fún un níwájú géètì lọ́jọ́ kan títí ṣòkòtò mi fi ya dé ibi tí mi ò lè dárúkọ. Pàbó ló já sí.

Ni ọ̀gá ilé-ìwé bá ránṣẹ́ pè wá ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹyin.

"Bàbá, ìyá," ó ní, "bí ọmọ yìí ò bá dìde kó fọhùn kí gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ kí táàmù yìí tó parí, a jẹ́ pé ibí kọ́ ló yẹ kó wà. Ilé-ìwé kan wà fún irú wọn ní ìlú kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí."

Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó fún un débi pé àwọn ìka náà ò mọ ara wọn mọ́. Kí n máa gbé inú ilé tí Rédíò ò ti sọ̀rọ̀? Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn nìkan á pa mí. Ẹ ò ní rí àìsàn kankan lára mi, ẹ kàn máa rí òkú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Àǹtí Ọ̀fẹ́ dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fá orí fún télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Rédíò ti ilé-ìwé dé, kò tilẹ̀ tí ì sọ báàgì kalẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Níbo lẹ máa ń sùn?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì. Àbí orí igi lo ti ń bá mi?"

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì yín wà àbí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn?"

"Kí lo wí?"

"Kọ́kọ́rọ́ wa ńkọ́? Ṣé orí tábìlì ló wà àbí inú àpótí? Ìgbà wo lẹ máa ń jáde nílé? Ìgbà wo ni màmá mi máa ń dé? Ta ló máa ń ṣẹ́ kù sílé tí ẹ bá ti jáde tán?"

Abẹ dúró sí agbede méjì orí télọ̀.

"Ta ló ní kí o wá bi mí?"

"Àǹtí ni. Gbogbo wa ni wọ́n bi. Wọ́n ní ká lọ béèrè nílé, ká wá dáhùn lọ́la ní èdè wọn."

Télọ̀ fò dìde tòun ti aṣọ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn. Apá kan orí rẹ̀ ń dán bí abọ́, apá kejì ṣú bí igbó àìro.

"Àwọn ìbejì mi náà!" ó pariwo. "Lánàá ni wọ́n bi mí pé àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn mi! Wọ́n ní fèrèsé mélòó ni mo ní! Èmi rò pé ọgbọ́n ni wọ́n ń kọ́ wọn."

"Ọgbọ́n náà ni," mo ní. "Ọgbọ́n olè."

Ìfura loògùn àgbà. Pańsá ò fura, pańsá já síná; àjà ò fura, àjà jìn. Èmi àti télọ̀ jókòó, a gbé ọ̀rọ̀ náà síwá, a gbé e sẹ́yìn. Télọ̀ ní ẹgbẹ́ jàǹdùkú ló rán an wá, pé ẹni tó bá ti mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, kí ló kù? Èmi ní ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ní ńṣe ni wọ́n ń kó ìrísí ilé wa lọ kí wọ́n lè kọ́ irú rẹ̀ sí ìlú wọn.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ilé tìẹ ṣe?" télọ̀ bi mí. "Ilé tó ń jò!"

"Jíjò rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ wá kọ́. Ṣé gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n jò?"

Ọ̀rọ̀ náà ká télọ̀ lára débi pé ó gbàgbé orí ara rẹ̀, ó gba ilé lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ́kùnrin bíi mélòó kan ti wá sọ́dọ̀ mi pé kí n fá irú ti télọ̀ fún àwọn, pé àṣà tuntun ni.

Mo pe Rédíò sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ ńkọ́? Nígbà tó bi ọ́ ní kíláàsì, kí lo ṣe?"

"Mi ò dìde o. Tó bá kàn mí, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, èmi á wá sọ ọ́ sí wọn létí."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọmọ tí kò dá tíṣà kankan lóhùn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-ìwé, ó wá ń rọra sọ̀rọ̀ sí àjèjì létí! Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, àwọn méjèèjì jọ ń jà nínú ikùn kan náà. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi bó ṣe dé. Ó sọ báàgì sílẹ̀, ó káwọ́ lórí.

"Ó fọhùn! Bàbá Rédíò, ó fọhùn! Ìbáà jẹ́ etí, ìbáà jẹ́ ihò imú ló sọ ọ́ sí, ó fọhùn nínú kíláàsì!"

"Ó fọhùn, ṣùgbọ́n ibi tí kọ́kọ́rọ́ wa wà ló ń fọhùn lé lórí."

"Kí ni wọ́n fẹ́ jí níbí? Ẹ̀yin?"

"Tí wọ́n bá jí mi ńkọ́?"

"Wọ́n á dá yín padà kó tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún fi nǹkan bẹ̀ wá."

Ó rẹ́rìn-ín wọ inú ilé lọ. Bí obìnrin ṣe máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ewu nìyẹn. Èmi jókòó, mo ronú. Mi ò lè ní kí Rédíò má sọ̀rọ̀ mọ́, torí ọ̀rọ̀ la ń wá látọjọ́ yìí, táàmù sì ń lọ sópin. Mi ò sì lè jókòó kí olè mọ yàrá mi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ni ọgbọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ bí ẹyẹ. Ilé lo fẹ́ mọ̀, Àǹtí Ọ̀fẹ́? Màá kọ́ ilé fún ọ.

"Rédíò, lọ́la, sọ fún un pé sójà ni bàbá rẹ."

"Onígbàjámọ̀ ni yín, Bàbá."

"Sójà tó ń fá orí ni mí. Apá àkọ́kọ́ ni kí o sọ."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ tàn. Ọmọ mi ni, ẹ̀jẹ̀ mi ló wà lára rẹ̀. "Ṣé kí n sọ pé ẹ lọ sógun?"

"Ogun mẹ́ta! Sọ pé mo fi eyín tẹ ìbọn kọdọrọ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lọ sọ ọ́. Ó dé, ó ní ojú Àǹtí tóbi bí àwo. Inú mi dùn, mo fi kún un. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó sọ pé a ní ajá méje, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó màlúù, wọ́n sì máa ń jẹ olè tòun ti bàtà. Tó bá béèrè ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó ní kìnnìún ni. Tó bá béèrè ohun tí bàbá ń ṣe tó bá jí lówùúrọ̀, kó ní bàbá ń bá kìnnìún jìjàkadì kó tó fọ ẹnu. Nígbà tó bá ti wá di ìrọ̀lẹ́, èmi àti Rédíò á jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, a ó máa hun irọ́ bí ẹni ń hun ẹní, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa dà lójú wa. Mi ò fi bò, àsìkò náà dùn mọ́ mi.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fura sí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Rédíò ń béèrè lọ́wọ́ tíṣà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń pe àga àti ìwé. Tiwa ń béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ìbọn, ẹ̀jẹ̀, èékánná, ibojì.

Láìpẹ́, Àǹtí Ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba òpópónà wa kọjá. Kò ní nǹkan tó ń rà níbẹ̀. Á rìn dé iwájú ilé wa, á fa ẹsẹ̀, á yọ́jú wo fèrèsé, á kọjá, á tún padà. Télọ̀ ń ka ìrìn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ó tún ti dé o!"

"Mo rí i. Má wò ó. Ṣe bí ẹni ń ránṣọ."

"Aṣọ ni mo ń rán!"

"Túbọ̀ rán an."

Ọjọ́ kan, ó yà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń pọ́n abẹ lọ́wọ́. Ó kí mi "Ẹ káàárọ̀" lọ́sàn-án gangan, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó wo ojú mi, ó wo abẹ, ó tún wo ojú mi. Ó wá fi èdè wa béèrè, jẹ́jẹ́:

"Ajá... ajá dà?"

Mo rọra nu abẹ náà mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

"Wọ́n ti lọ jẹun," mo ní.

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló fi jáde. Kò kọ ẹ̀yìn sí mi títí ó fi dé ìta. Télọ̀ wọlé, a bọ ara wa lọ́wọ́. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ni ó ń fi ajá mi ṣe? Mo ti mú un!"

Àfi bí Rédíò ṣe dé lọ́jọ́ kejì tó ní, "Bàbá, Àǹtí fẹ́ wá kí wa nílé. Wọ́n ní ìgbà wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?"

Ẹ wá gbọ́. Ó fẹ́ wọlé! Ó ti mọ fèrèsé, ó ti mọ ilẹ̀kùn, ó kù kó wá fojú wọn ibi tí yóò gbé nǹkan gbà jáde. Mo tún fìlà mi dé.

"Sọ fún un pé kó máa bọ̀. Sọ fún un pé ilé wa gbàlejò. Àlejò mẹ́ta tó wá kẹ́yìn, inú sítóò ni wọ́n ṣì wà títí dòní, wọn ò tí ì jáde."

Rédíò rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. "Ṣé kí n sọ pé à ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Má sọ ìyẹn. Jẹ́ kó máa rò ó."

Òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ sí èmi àti ìyàwó mi: kí a wá kíákíá. Mo ní ó ti tán, Àǹtí Ọ̀fẹ́ ti lọ fẹjọ́ sùn kí n tó fi tèmi sùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo olè kọ́ ni olè. Mo pe télọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wọ fìlà torí orí rẹ̀ tí kò tí ì dọ́gba, ó ní òun ni òun máa sọ̀rọ̀, pé inú ń bí mi jù. A pàdé ìyàwó mi ní géètì. Ibi iṣẹ́ ló ti sáré wá, ìyẹ̀fun funfun wà lápá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kí lẹ ṣe?" ó bi mí.

"Èmi? Kí ni mo ṣe?"

"Ojú tí ẹ ń fi wò mí yẹn. Kí lẹ ṣe?"

Ọ̀gá ilé-ìwé dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó fẹ́ kó wa lọ sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n télọ̀ ti gbé ohùn sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, iwájú àwọn ọmọ ni kí ẹ ti bá wa bi obìnrin yìí! Kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé wa ṣe? Kí ló fẹ́ fi fèrèsé mi ṣe? Ìgbà wo ni mo ń jáde, ìgbà wo ni mo ń wọlé, kí ló kàn án?"

Ọ̀gá wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì gbayawu, ó ní ká wọlé.

Àwòrán ló kún ẹ̀gbẹ́ pátákó: bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ajá lábẹ́ àga, bàbá kan tó gbé báàgì dání tó ń jáde nílé, ìyá kan tó ń wọlé. Àwọn ọmọ ń wò wá. Àǹtí Ọ̀fẹ́ dúró níwájú wọn, Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn lédè nìyí," ni ọ̀gá wí. "Ilé ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí ni bẹ́ẹ̀dì, èyí ni ilẹ̀kùn, bàbá mi jáde, ìyá mi wọlé. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Àbí ẹ fẹ́ kí ọmọdé bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin ìjọba ni?"

Télọ̀ sún mọ́ àwòrán kọ́kọ́rọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Kò jọ tèmi," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì lọ dúró sí kọ̀rọ̀.

Mo ń wá bí mo ṣe máa bá a lọ sí kọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọ̀gá yíjú sí mi.

"Bàbá Rédíò, èmi náà ní ìbéèrè kan. Àwọn wo ló wà nínú sítóò yín?"

Ìyàwó mi ní, "Sítóò ta ni?"

Ọ̀gá gbọ́ èdè obìnrin náà díẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí Rédíò sọ lẹ́nu Àǹtí. Ó tò ó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìbọn, ajá, kìnnìún, ìjàkadì òwúrọ̀, àwọn àlejò tí kò jáde mọ́. Ó ní Àǹtí yìí ò rí oorun sùn, pé ó ti wá wo ilé wa láti ìta bóyá òun á gbọ́ igbe, pé ó ní òun fẹ́ wọlé wá fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á nígbà tó bá mi pẹ̀lú abẹ.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọwọ́ Àǹtí Ọ̀fẹ́. Ó gbé e lé Rédíò léjìká, ó dì í mú gírígírí. Ó dì í mú bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ ṣe é léṣe. Èmi! Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣọ́ ọ bí olè, òun náà ń ṣọ́ mi bí apààyàn.

"Tó bá jẹ́ òótọ́," ni ọ̀gá wí, "ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ kàn. Tó bá sì jẹ́ pé kò sóhun tó jọ ọ́, a jẹ́ pé ọmọ yìí ń rí ohun tí kò sí. Ìlú kejì tí mo sọ fún yín, kò ní lè dúró de òpin táàmù mọ́. Ọ̀la ni. Nítorí náà, Bàbá, ẹ wí. Níbo ni ọmọ ti rí kìnnìún?"

Àwọn ọmọ ń wò mí, àwọn ìbejì télọ̀ wà láàárín wọn. Ìyàwó mi ń wò mí. Irùngbọ̀n mi ti ń funfun. Kí n wá sọ níbẹ̀ pé èmi ni mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mò ń kọ́ ọmọ kékeré ní irọ́? Ojú tì mí débi tí mo fi ya òmùgọ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ̀yin náà mọ ọmọdé. Ọmọdé a máa... ọmọdé a máa lá àlá..."

"Bàbá Rédíò!" ni ìyàwó mi ké.

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Mo rí i nígbà tó balẹ̀ lójú Rédíò. Ó wò mí bí ẹni tí bàbá rẹ̀ já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì. Ó gbọn ọwọ́ Àǹtí dànù léjìká, ó sì gun orí ìjókòó.

"Irọ́ ni!"

Èdè wa ló fi sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ débi pé gíláàsì fèrèsé mì.

"Irọ́ ni! Bàbá mi ló kọ́ mi! Mi ò lá àlá kankan! Kò sí kìnnìún, bàtà wọn ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń rùn! A ò ní ajá, ajá ló ń lé wọn ní òpópónà! Wọn kì í ṣe sójà, onígbàjámọ̀ ni wọ́n! Tí aláǹgbá bá wọlé, orí tábìlì ni wọ́n ń sá gùn, màmá mi ló ń lé e! Àga tó kán ló wà nínú sítóò, ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé àwọn máa tún un ṣe! Wọ́n ní kí n sọ ọ́ kí Àǹtí má bàa jí wa lẹ́rù, a ò sì ní ẹrù kankan!"

Kò dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ Rédíò nílé nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ó sọ ti télọ̀ àti orí rẹ̀, ó sọ ti ṣòkòtò mi tó ya, ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń pè mí tí mi ò bá sí nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan láti ẹ̀yìn figbe ta: "Ògiri ti fọhùn o!" Gbogbo wọn bú sí ariwo, wọ́n ń lu tábìlì, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́.

Ìyàwó mi jókòó sórí àga ọmọdé kan, ó fi ọwọ́ ìyẹ̀fun bojú. Ẹ̀rín ni o, ẹkún ni o, mi ò mọ̀. Nígbà tó fi máa ṣí ojú, ó ti funfun bí iwin.

"Ó tó, ọmọ mi, ó tó," ni ọ̀gá ilé-ìwé ń wí, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. "A ti gbọ́. Àwọn ará ìlú kejì gan-an ti gbọ́. O ò lọ ibì kankan mọ́." Ó wá wò mí. "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ṣì lè lọ."

Télọ̀ yọ láti kọ̀rọ̀. "Sójà," ó ní, "ẹ kú ogun."

Ọ̀gá tú gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Ọ̀fẹ́. Mo ń wo ojú obìnrin náà bó ṣe ń yí padà: ó fajú ro, ó yanu, ó wo Rédíò, ó bi í ní nǹkan. Rédíò dá a lóhùn sókè ketekete, lójú gbogbo kíláàsì, ní èdè tí èmi ò gbọ́. Obìnrin náà wá rìn tọ̀ mí wá. Mo ti múra sílẹ̀ de ìgbátí. Ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan tó gùn, jẹ́jẹ́, ní èdè rẹ̀.

Gbogbo kíláàsì tú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìbejì télọ̀ di ara wọn mú. Ọ̀gá ilé-ìwé, èèyàn jẹ́jẹ́, yíjú sí pátákó, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kí ló wí?" mo bi ọ̀gá.

"Kò wí nǹkan burúkú, Bàbá."

"Rédíò, kí ló wí?"

"Kò ṣe é sọ ní èdè wa, Bàbá," ó ní, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Kò ṣe é sọ! Ejò lọ́wọ́ nínú. Mo bi àwọn ìbejì, wọ́n sá. Mo fi fífá orí lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, èmi tí mi ò fá orí lọ́fẹ̀ẹ́ rí, ó kọ̀. Ìyàwó mi ní tó bá jẹ́ òun ni, òun á ti gbàgbé ẹ̀. Òun kọ́ ni wọ́n wò láti orí dé ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ sí kíláàsì, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá lórí àga tí orúnkún mi fi ń kan etí mi. Àǹtí Ọ̀fẹ́ ò lé mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ júwe pé kí n sún mọ́ iwájú, mo ní rárá, mo fẹ́ ibi tí mo ti lè máa ṣọ́ ọ. Títí di òní ni mò ń lọ, lárààárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti mọ oríṣiríṣi àwọ̀, mo ti mọ ẹ̀yà ara láti irun títí dé àtàǹpàkò, mo lè sọ pé òjò ń rọ̀ àti pé òjò ò rọ̀. Gbólóhùn tó sọ sí mi yẹn, kò tí ì dé orí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fò ó ni. Mo ti yí sí ọmọ tó jókòó tì mí láàárọ̀ yìí láti bi í bóyá ó kù díẹ̀, nígbà tí Rédíò yíjú padà láti iwájú, ó fajú ro bí ìyá ìkókó.

"Bàbá, ẹ dákẹ́! Tíṣà ń sọ̀rọ̀."